Ọjọ́ Tí Mo Tọ́ Omi Abà Adégbọlá Wò

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo jáde nílé wa ní Ajíbọ́dé. Baálé mi ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ fún ìrun àsùbáà, ó ń fi ife kékeré bu omi sọ́wọ́ bí ẹni ń bu òróró, nítorí ó ti di ọjọ́ kẹta tí kànga onílé wa gbẹ. Èmi ti gba àdúrà tèmi tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, a kì í fi ìrìn àjò ṣeré. Mo sọ fún un pé Ẹ̀rúnmú ni mò ń lọ àti abà kan lẹ́yìn rẹ̀, pé màá ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí n bá òun kí wọn. Kò mọ ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo ń lọ ṣe, kí ẹ má baà rò pé fàájì ni mo bá lọ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí omi àwọn abúlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún yìí, kànga dẹ̀rọ díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ní agbègbè wa, àwọn abúlé tó ń fẹ́ ẹ sì pọ̀ ju iye tó wà lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé. Lẹ́tà kan wá láti Abà Adégbọlá. Àwọn obìnrin tó ń ṣe fùfú níbẹ̀ ló kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lómi. Ọ̀gá mi wo ìwé wa, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ní pọ́ǹpù, wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni a gbẹ́ ẹ, èmi gan-an ni mo yan ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tí kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: ń ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bí mo bá débẹ̀ tí omi ń jáde, kí n fagi lé lẹ́tà wọn, kí àyè tí wọ́n ń béèrè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá jí ní ìdájí ní Ajíbọ́dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ariwo kẹ́ẹ̀gì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò sẹ́nu géètì onílé tó ní kànga dẹ̀rọ, àwọn mẹ́ruwà, ìyẹn àwọn Hausa tó ń fi ọmọlanke ti omi kiri, á máa pariwo tiwọn. Igba náírà ni kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Onílé kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ tirẹ̀ ládùúgbò wa. Ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù ló gbẹ́ jìn jù, tó bá sì ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, kànga aládùúgbò á lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè. Mo gun ọ̀kadà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ọlọ́kadà ní òun ò tíì bójú láti àná, kí n má wo òun lójú.

Láti Ọ̀jọ́ọ̀, mo wọ Máíkírà, takisí kékeré tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀, ní ẹgbẹ̀rin náírà dé Ìwó Róòdù. Mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, awakọ̀ ò sí nínú ìṣirò yẹn. Èmi ni ẹni kejì níwájú, gíà sì ń gbá mi lórúnkún ní gbogbo ìgbà. Awakọ̀ bi mí pé níbo ni mò ń gbé àpò ìwé lọ ní irú àsìkò yìí. Nígbà tó gbọ́ pé omi ni mò ń bá kiri, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́runṣògo ni òun ń gbé, pé bí mo bá pàdé omi ẹ̀rọ tó máa ń yọ lẹ́nu páìpù nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kí n bá òun kí i, àwọn ò tíì gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mo wọ mọ́tò Ẹ̀rúnmú ní Ìwó Róòdù, ilẹ̀ sì ti mọ́ kedere nígbà tí a kọjá Ẹgbẹ́dá tí a yà kúrò ní títì ńlá. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti gba ọ̀nà yẹn kẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Níbi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ nígbà yẹn, ilé ló wà níbẹ̀ báyìí, òmíràn ní òrùlé, òmíràn ò ní, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí mo ṣe ń mọ ibi tí ìlú parí sí ni tẹ́ńkì dúdú tí wọ́n máa ń gbé sórí irin. Ibi tí tẹ́ńkì bá ti tán, ibẹ̀ ni oko ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ẹ̀rúnmú kí tẹ́ńkì tó tán. Ẹ̀gẹ́ tó kù lóko ti wọ́wé, igbó tí wọ́n dáná sun dúdú lọ súà, eruku sì ti pọ́n gbogbo ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Mo jẹun ní Ẹ̀rúnmú, ẹ̀kọ méjì àti àkàrà mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin náírà. Ẹ̀kọ wọn tóbi ju tiwa ní Ajíbọ́dé lọ, àkàrà wọn ni kò tó nǹkan. Nígbà tí mo ṣanwọ́ tán tí mo fẹ́ da omi náà sílẹ̀, ìyá olóúnjẹ gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó dà á sínú korobá kan tó wà lábẹ́ tábìlì, ó ní òun á fi fọ ìkòkò. Ó ní kí n má bínú. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí mo ti ń wá ibi tí màá dà á sí láì wẹ̀yìn wò.

Ọ̀kadà ló lè dé Abà Adégbọlá. Ọkùnrin tí mo gùn tirẹ̀ ń jẹ́ Súlè, ọmọ Ẹ̀rúnmú ni. Ó pe ẹgbẹ̀rún méjì, mo san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ó ní òun gbà nítorí pé mo jọ ìyá òun, mo ní ìyá rẹ̀ ì bá san ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀nà náà jẹ́ yanrìn àti òkúta, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ rìn. Mo bi í léèrè nípa pọ́ǹpù abà náà. Ó ní ó wà níbẹ̀ níwájú ilé Bàbá Alága, pé ó ń yọ omi, ṣùgbọ́n òun ò ní í wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà ní ẹnu òun ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

A dé afárá odò kan tí kò sí omi lábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́fà tàbí méje jókòó sórí yanrìn odò náà. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò tó jìn tó apá, omi ń sun díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kàn á fi agolo bu ìwọ̀nba èyí tó wà, á sún sẹ́yìn, gbogbo wọn á sì dákẹ́ dúró títí èyí tó bá tún sun á fi tòrò. Kò sẹ́ni tó ń jà. Nílé wa, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń gbá ara wọn lórí. Mo kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n sì kí mi kú àbọ̀. Mo bi wọ́n bó ṣe ń pẹ́ tó kí kẹ́ẹ̀gì kan tó kún. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí òrùn, ó sì nawọ́ sí òkè igi kan, ìyẹn ni pé tí òrùn bá kúrò níbí tó bá débẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan dáadáa.

Bàbá Alága ni alága ìgbìmọ̀ omi abà náà. Àgbàlagbà tó níwà ni, alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó wà lábà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n sì máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́dọọdún ni mo máa ń pè wọ́n láti béèrè nípa pọ́ǹpù, lọ́dọọdún ni wọ́n sì máa ń ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Inú wọn dùn láti rí mi. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n ní kí n jókòó, kíá ni wọ́n sì ti gbé píọ̀ wọ́tà méjì jáde láti inú àmù, ó tutù nini. Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ pé omi ni a fi ń kí àlejò káàbọ̀, kí a tó bi í léèrè ohun tó bá wá. Ẹ̀rúnmú ni wọ́n ti ń ra píọ̀ wọ́tà yẹn wá sí abà, àlejò nìkan ni wọ́n sì ń kó o pamọ́ fún. Bí mo ṣe dì í mú ni mo rántí pé òun náà ni wọ́n fún gbogbo wa lọ́jọ́ tí a wá ṣí pọ́ǹpù. A ṣí omi, a sọ̀rọ̀, wọ́n jó, a jó, a sì lọ sílé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó mu nínú ohun tí a wá ṣí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o, omi pọ́ǹpù ni mo fẹ́ mu." Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mu èyí tó tutù. Mo ní mi ò ní í mu ún. Wọ́n ní ọwọ́ pọ́ǹpù náà le, kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin ọ́fíìsì, àwọn á ránṣẹ́ sí ẹni tó máa fà á, ẹni náà ti lọ sóko. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ni wọ́n lára. Mo dìde, mo gba ibẹ̀ lọ fúnra mi, wọ́n sì tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

Alángbá kan ló ń yáàrùn lórí sìmẹ́ǹtì pọ́ǹpù. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú, ó mọ́, kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìkarùn-ún ni omi yọ, ó sì mọ́ gaara. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣí i náà nìyẹn. Inú bí mi sí àwọn obìnrin tó kọ lẹ́tà. Mo ní nínú ara mi pé omi tó dára báyìí wà níwájú ilé, ẹ sì lọ ń wa yanrìn. Mo yọ fọ́ọ̀mù mi jáde, mo ṣí bírò. Bàbá Alága ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba."

Àsìkò yẹn ni Ìyá Bọ́lá dé láti odò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí. Òun ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú lẹ́tà. Obìnrin tó tó àádọ́ta ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti họ nítorí ẹ̀gẹ́ rírẹ. Ó sọ ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó kí èmi náà, lẹ́yìn náà ló wọ ilé rẹ̀ lọ mú àwo tánńganran funfun kan wá. Ó fa omi kún un, ó gbé e sórí àpótí níwájú mi. Ó ní, "Ẹ jókòó tì í, mà. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan."

Mo jókòó tì í. Kò sí nǹkan méjì tí mo lè ṣe. Ìyá Bọ́lá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ó ń dá mi lóhùn bí mo bá bi í. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ fùfú ń wà nínú omi, kí wọ́n tó tún fi omi míì sẹ́ ẹ, pé fùfú tí ò bá funfun, kò sẹ́ni tó máa yà á wò lọ́jà. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kẹ́ẹ̀gì méjì ni òun ń rí pọn lóòjọ́, kò tó fún iṣẹ́ mọ́, ẹ̀gẹ́ òun sì ń rà sínú ilẹ̀. Oníbàárà òun tó ń wá láti Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹlòmíràn rà. Ó ní bí wọn ò bá gbẹ́ òmíràn fún àwọn lọ́dún yìí, òun ò mọ ohun tí òun tún lè ṣe ní abà yẹn mọ́. Òun á kó lọ bá àbúrò òun ní ìgboro, kí òun lọ máa báni fọṣọ. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó kàn ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ̀gẹ́ agbọ̀n kan tó tán, omi inú àwo ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí òrùn fi dé àtàrí, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ohun kan bí ìpẹtà sì ti sọ̀ sísàlẹ̀ àwo. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Bí ẹni lá ìṣó ló rí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n: irin inú ilẹ̀ ló wà nínú omi náà, kì í hàn nígbà tó bá ń jáde, àfi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, a wò ó bó ṣe ń tú jáde, a pàtẹ́wọ́, a wọ mọ́tò. Ìgò kan ṣoṣo tí mo bù lọ sílé, bóyá kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n wò. Kò sí kòkòrò.

Ìyá Bọ́lá ní bí wọ́n bá fi se iṣu, iṣu á dúdú. Bí wọ́n bá fi rẹ ẹ̀gẹ́, fùfú á dà bí amọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́rin yìí. Ó wo ilẹ̀. Bàbá Alága ló dáhùn, wọ́n ní ó lè jẹ́ ọdún yìí ni omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Ìyá Bọ́lá gbé orí sókè.

Ó ní, "Ẹ dákun, mà, ẹ bi Bàbá léèrè ibi tí ìyàwó wọn ti ń fọ súùtánà wọn."

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ abà yẹn, ọjọ́ Ìsinmi kan kì í lọ kí wọ́n má wọ súùtánà, aṣọ Bàbá sì funfun báláú, mo rí i lórí okùn nígbà tí mo ń bọ̀. Odò ni wọ́n ti fọ ọ́. Odò ni gbogbo wọn ti ń fọ tiwọn láti oṣù àkọ́kọ́ tí a gbẹ́ pọ́ǹpù, nígbà tí aṣọ àwọn akọrin jáde bí ẹni rẹ ẹ́ sínú osùn. Gbogbo abà ló mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀, èmi tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Alága ní kí n dákun wá, a lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ọdún tí a gbẹ́ ẹ, ìjọba ná owó, a wá láti ọ̀nà jíjìn, ṣé àwọn á wá ní ohun tí a gbé wá kò dáa lójú wa? Wọ́n ní, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà tún ń pè, mi ò mọ bí mo ṣe lè kó o jẹ mọ́." Wọ́n ní bí àwọn ará abà bá gbọ́ pé àwọn ló ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọdún yìí, àwọn ò ní lè dúró níwájú ìjọ mọ́. Wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ pé pọ́ǹpù náà bàjẹ́ lánàá. Kò sẹ́ni tó máa jìyà rẹ̀, orúkọ abà á wọlé, ọ̀rọ̀ á parí.

Mi ò ní í purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ta ló yan ojú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ́fíìsì wa. Pọ́ǹpù tó bá bàjẹ́, àwọn tó ń tún un ṣe la máa ń rán lọ. Wọ́n á pààrọ̀ awọ inú rẹ̀, omi pupa yẹn náà lá tún máa yọ, orúkọ abà ò sì ní í wọ inú ìwé mọ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí èyí tó máa fún Ìyá Bọ́lá lómi nínú ọ̀nà méjì tó wà lójú fọ́ọ̀mù yẹn. Àfi kí n kọ òótọ́ sẹ́yìn ìwé, kí èmi àti àwọn sì fọwọ́ sí i. Bàbá jókòó sórí odó tó dojú délẹ̀. Inú ti ń bí mi sí wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò wọ́n, ara mi ni inú ń bí mi sí.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Bọ́lá, mo bi í pé ṣé kò sẹ́ni tó mọ irú omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn kí a tó gbẹ́ ẹ ni. Ó ní gbogbo obìnrin abà ló mọ̀. Bàbá ọkọ òun ti gbẹ́ kànga síbẹ̀ rí, wọ́n dí i pa nítorí pé omi rẹ̀ ń pọ́n. Ó ní, "Ta ló bi wá? Ẹ̀yìn la jókòó sí, àwọn bàbá lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá sì ní ibi tó bá wu ìjọba." Òótọ́ ni. Mo yan ibẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ tó ń gbẹ́ kànga lè débẹ̀ láì gé igi kankan.

Mo yí fọ́ọ̀mù náà padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: pé omi ń jáde nínú pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n irin pọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣe é fi se oúnjẹ, kò ṣe é fi fọṣọ, kò ṣe é fi ṣiṣẹ́, pé ojú ibi tí a gbẹ́ ẹ sí ni kò dáa, èmi ni mo yan ibẹ̀ láì bi àwọn tó ń pọnmi, pé ọdún mẹ́rin ni ìwé wa ti ń sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Mo fọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin odò ti dé nígbà yẹn, wọ́n dúró yí wa ká. Bàbá Alága fi awò wọn sójú, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n sì kà á sókè látòkè délẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo ní òun ni mo kọ́kọ́ kọ. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ̀wé tiwọn sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ni wọ́n ń bi, àwọn ló sì ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin gbé àga sún mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n jókòó.

Àwọn obìnrin náà ló mú mi lọ sí ìsàlẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí kànga kan wà tí kì í kọjá Oṣù Kejìlá kó tó gbẹ. Wọ́n ní omi ibẹ̀, bó bá lo ọ̀sẹ̀ kan nínú àmù, kì í pàwọ̀ dà. Kànga náà kò kàn jìn tó ni. Mo kan èèkàn mọ́ ibẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ló júwe rẹ̀, àti pé kí wọ́n yẹ omi náà wò fún irin kí wọ́n tó ri páìpù sílẹ̀. Mọ́tò lè débẹ̀ bí wọ́n bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Bọ́lá ní tirẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, òun á gé e lálẹ́ ọjọ́ náà bí mo bá fẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù.

Súlè padà wá gbé mi dé Ẹ̀rúnmú ní ẹgbẹ̀rún kan, ó ní òun ti gbọ́. Mo wọ mọ́tò ní Ẹ̀rúnmú, gó-síló mú wa ní Ìwó Róòdù, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gun ọ̀kadà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì kù kí aago mẹ́rin lù nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú eruku lórí gèlè. Ọ̀gá mi wo iwájú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní mi ò mú ọ̀kankan. Mo ní kí wọ́n yí i padà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Màdámú, ẹ mọ ohun tí ẹ kọ síbí?" Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà." Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ Abà Adégbọlá sí ìsàlẹ̀ pátápátá ìwé orúkọ náà, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì sọ fún akọ̀wé kó tẹ kúẹ́rì fún mi, kí n ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méjì ìdí tí mo fi yan ilẹ̀ láì yẹ omi rẹ̀ wò dáadáa. Mo gbà á. Ó tọ́ sí mi.

Òkùnkùn ò tíì kùn nígbà tí mo délé. Mo gbé kúẹ́rì lé orí tábìlì, baálé mi kà á, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó ní kí n jẹun ná, kí n tó dáhùn ìwé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: mo ti ń béèrè ohun tí kò yẹ kí n máa béèrè, àwọn èèyàn ọmọlúwàbí sì ti ń dá mi lóhùn bí ọmọlúwàbí. Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìdáhùn àwọn alága omi sílẹ̀. Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, abúlé lé abúlé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n dúpẹ́.

Mi ò lè jẹun. Mo pe èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, bàbá kan ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀nà-Àrà. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, wọ́n ní pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, àwọn dúpẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, omi ibo ni wọ́n fi se oúnjẹ yín lónìí?"

Wọ́n ní kí n dúró, àwọn fẹ́ pe ìyàwó àwọn wá sídìí fóònù.